Bí ẹ ṣe lè kọ àbá ìwádìí tí yóò dúró: ìbéèrè ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú

Iṣẹ́ mi ni láti ka àbá ìwádìí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ àwùjọ kí wọ́n tó gbàṣẹ láti jáde lọ bi aráyé ní nǹkan. Ibi tí wọ́n kọ ìbéèrè sí ni mo máa ń ṣí lákọ̀ọ́kọ́. Bí ìbéèrè bá wọ́, kò sí ohun tí yóò tọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ì báà jẹ́ ọgọ́ta ojú ìwé ni ẹ kọ.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní òun fẹ́ ṣèwádìí lórí "fóònù àti ìgbé ayé àwọn àgbàlagbà". Àkọlé nìyẹn, kò tíì di ìbéèrè. Mo máa ń bi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní nǹkan mẹ́rin: Ta lẹ fẹ́ lọ bá? Kí lẹ fẹ́ mọ̀ nípa wọn? Ta lẹ máa fi wọ́n wé? Èsì wo ló lè jáde tí ẹ ó fi gbà pé ohun tí ẹ rò kò rí bẹ́ẹ̀? Ìkẹrin yìí ló máa ń le jù, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Bí a bá jọ fà á títí, ìbéèrè náà á wá di: "Láàárín àwọn ẹni ọdún 65 sókè tó ń dá gbé, ṣé ìdánìkanwà àwọn tí ọmọ wọn ń pè lójoojúmọ́ kéré sí ti àwọn tí ọmọ wọn ń pè lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀?" Ó gùn díẹ̀, àmọ́ ó ṣeé dáhùn. Bí ti àwọn méjèèjì bá dọ́gba, èrò akẹ́kọ̀ọ́ náà kò dúró nìyẹn, ó sì gbọ́dọ̀ lè sọ bẹ́ẹ̀ jáde.

Ẹ tún yí i wò láti ẹ̀yìn. Ó lè jẹ́ pé ìpè ló ń dín ìdánìkanwà kù. Ó sì lè jẹ́ pé ọmọ tó mọ̀ pé ọkàn ìyá òun kò balẹ̀ ló ń pè é lójoojúmọ́, tí yóò fi dà bíi pé ìpè gan-an ló ń fa ìṣòro. Ìwádìí tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò lè ya méjèèjì sọ́tọ̀. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìbátan tó wà láàárín nǹkan méjèèjì ni ẹ ń wá, pé ẹ kò sọ pé ọ̀kan ló fa èkejì. Bí ìyẹn kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ṣètò láti padà lọ bá àwọn èèyàn kan náà lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Àwọn tó ń yẹ àbá wò kì í bínú sí ẹni tó mọ ibi tí agbára ìwádìí rẹ̀ mọ. Ẹni tó ṣèlérí ohun tí apá rẹ̀ kò ká ni wọ́n ń dá padà.

Tó bá kan iṣẹ́ àwọn tó ti ṣáájú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe to Lágbájá sọ báyìí, Tàmẹ̀dò sọ tọ̀hún, fún ojú ìwé mẹ́wàá. Ibi tí ẹnu wọn ti kò àti ibi tí wọ́n ti ń ta ko ara wọn ni kó hàn. Ẹ fa tábìlì kan sórí ìwé, kí ìwádìí kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀: àwọn tí wọ́n bi, bí wọ́n ṣe wọn ohun tí wọ́n ń wá, ohun tí wọ́n rí. Lẹ́yìn náà, ẹ ka òpó kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bó bá jẹ́ pé àwọn ará ìlú ńlá nìkan ni gbogbo wọn lọ bá, àlàfo tí ẹ fẹ́ dí ti hàn sí yín.

Ó ku bí ẹ ó ṣe wọn ìdánìkanwà. Ẹni tó ń dá gbé lè wà nínú ayọ̀, kí ẹni tí èrò kún ilé rẹ̀ sì máa ṣàárò ẹni tí yóò bá òun sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá bi àgbàlagbà ní tààrà bóyá ó ń dá nìkan wà, ìtìjú lè mú kó ní rárá. Ìwọ̀n tí wọ́n ti dán wò wà nílẹ̀. UCLA Loneliness Scale, ìwé ìbéèrè tí wọ́n fi ń wọn ìdánìkanwà, jáde ní 1978 pẹ̀lú ìbéèrè 20. Ní 2004, àwọn olùwádìí gbé èyí tó ní ìbéèrè 3 péré jáde, tó ṣeé bi lórí fóònù. Ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta béèrè bí ó ṣe máa ń ṣe ẹni náà lemọ́lemọ́ tó bíi pé wọ́n pa á tì. Èsì kọ̀ọ̀kan gba máàkì 1 sí 3, àròpọ̀ rẹ̀ sì wà láàárín 3 sí 9. Bí ẹ bá tú u sí èdè mìíràn, ẹ fún ẹlòmíì tí kò rí ti àkọ́kọ́ kó tú u padà, kí ẹ wá fi méjèèjì wéra.

Ibi tí àbá tí mò ń kà ti máa ń ṣubú jù ni bí wọ́n ṣe yan àwọn tí wọ́n máa bi. Ní 1936, ìwé ìròyìn Literary Digest ní Amẹ́ríkà fi ìwé ìdìbò àyẹ̀wò ránṣẹ́ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 èèyàn. Ó lé ní mílíọ̀nù 2 tó dáhùn. Wọ́n kéde pé Landon ló máa wọlé gẹ́gẹ́ bí ààrẹ, ṣùgbọ́n Roosevelt ló wọlé. Ìpínlẹ̀ 2 péré nínú 48 ni Landon mú. Inú ìwé nọ́ńbà fóònù àti àkọsílẹ̀ àwọn tó ní ọkọ̀ ni wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ orúkọ jọ, nígbà tí nǹkan le koko fáwọn èèyàn, tí tálákà kò sì sábà ní fóònù tàbí ọkọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn tó dáhùn kò jọ àwọn tó dákẹ́. Ẹ wá wo àpẹẹrẹ wa: bó bá jẹ́ inú àkọsílẹ̀ àwọn tó ní fóònù ni ẹ ti yan àgbàlagbà, ẹni tí kò ní fóònù, tí kò sẹ́ni tó ń pè é rárá, ti bọ́ síta, bẹ́ẹ̀ òun ló yẹ kí ọ̀rọ̀ náà kàn jù.

Mo tún máa ń rí 384 nínú àbá lẹ́yìn àbá gẹ́gẹ́ bí iye èèyàn tí wọ́n máa bi, bíi pé òfin ni. Iye yẹn wà fún ẹni tó fi ìbò mú èèyàn láti inú ọ̀pọ̀ èrò, tó fẹ́ mọ ìdá kan ṣoṣo (bí àpẹẹrẹ, mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ló ń dá gbé), pẹ̀lú ìdánilójú ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún àti àṣìṣe tí kò ju ìdá 5 lọ. Àpẹẹrẹ tiwa ń fi ọ̀wọ́ méjì wéra. Bí ìyàtọ̀ tí ẹ ń retí bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni iye èèyàn tí ẹ nílò yóò ṣe pọ̀ tó. Ẹ ṣe ìṣirò tiyín, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ fún àwọn tí kò ní dáhùn: bí 300 bá ni ẹ nílò, tí ẹ sì rò pé 6 nínú 10 ló máa dáhùn, 500 ni kí ẹ kàn sí. Bó bá sì jẹ́ bí ìdánìkanwà ṣe ń rí lára wọn ni ẹ fẹ́ gbọ́, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ló bá a mu. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ ó dúró nígbà tí ẹni tuntun kò bá mú ọ̀rọ̀ tuntun wá mọ́.

Ẹ ya tábìlì àbájáde yín sílẹ̀ kí dátà tó wọlé, kí gbogbo àyè rẹ̀ ṣófo. Ìbéèrè tí kò ní àyè nínú tábìlì yẹn, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìwé ìbéèrè. Ẹ má gba àkókò àgbàlagbà lásán.

Èyí ló gbé mi dé ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́. Láti 1932 sí 1972, ní Tuskegee, àwọn olùwádìí ìjọba Amẹ́ríkà ń wo àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó ní àrùn syphilis, wọn kò sọ òótọ́ fún wọn, wọn kò sì tọ́jú wọn kódà nígbà tí penicillin, oògùn tó ń wo àrùn náà sàn, ti wà. Ara ohun tó bí àwọn ìlànà tí a ń tẹ̀ lé lónìí nìyẹn. Ẹ má kàn kọ pé "a ó gba ìyọ̀ǹda wọn". Ẹ sọ ẹni tí yóò ṣàlàyé, ibi tí orúkọ wọn yóò wà, ẹni tó lè rí i, ìgbà tí ẹ ó pa á rẹ́. Bí màmá kan bá bú sẹ́kún nígbà tí ẹ bi í nípa ọmọ rẹ̀, kí lẹ máa ṣe? Ta lẹ máa júwe fún un? Ìdáhùn yẹn gbọ́dọ̀ wà nínú àbá.

Owó àti àkókò kò gba àlàyé púpọ̀: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ fẹ́ parí, kí ẹ máa kà á bọ̀ sẹ́yìn. Ìgbìmọ̀ tó ń fúnni láṣẹ lè lo oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ìwé àṣẹ wọn tó dé, ẹ má ṣe bi ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun, kódà bí ẹ bá fẹ́ fi dán ìwé ìbéèrè wò lásán.