Irun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mójú tó: bá a ṣe ń fi iná wo ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ

Ẹ mọ nǹkan tí nọ́ọ̀sì máa ń há mọ́ èèyàn níka tó ń tàn pupa yẹn, tó fi ń wo ọ́síjìn? fNIRS (functional near-infrared spectroscopy), ìyẹn bá a ṣe ń fi iná near-infrared wo ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ, ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí i, orí la kàn ń gbé tiẹ̀ sí. Láti 1977 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Frans Jöbsis, ti fi hàn pé irú iná yìí lè gba inú agbárí wọlé. Ẹ̀jẹ̀ tó ní ọ́síjìn àtèyí tí ò ní kì í fa iná mu bákan náà, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń tan oríṣi iná méjì, tí gígùn ìgbì wọn jẹ́ bíi 760 àti 850 nanometer, kí kọ̀ǹpútà lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Iwájú orí ló rọrùn jù, ẹ ṣáà nu òógùn àti páńkéèkì kúrò. Àlàfo ibi tí iná ti ń jáde síbi tó ń gbà á padà, sẹ̀ǹtímítà 3, ó sì máa wọlé tó bí ìdajì ìyẹn, ẹni tó bá ní òun fi ń rí ìsàlẹ̀ ọpọlọ, irọ́ ló ń pa.

Àárín orí ni wàhálà wà o! Irun dúdú tó ki máa ń gbé iná mì, ká má tíì sọ ti àtàṣímẹ́ǹtì. Ẹ ti sọ fáwọn tẹ́ ẹ fẹ́ yẹ orí wọn wò látilé pé kí wọ́n di kólẹ́sẹ̀ láìfi nǹkan kan sí i, ẹ fi fọ́tò fìlà tá a to sẹ́ńsọ̀ tó ń tan iná àtèyí tó ń gbà á sí han onídìrí wọn ní Sábó, ní Ìkòròdú níbí, á mọ ibi tó yẹ kó la irun sí kí sẹ́ńsọ̀ lè bọ́ sórí awọ gan-an. Tó bá ṣì kù díẹ̀, ẹ fi ìdí ìlàrí yà á. Ẹ ti kọ́tìnì, ẹ da aṣọ dúdú bo fìlà náà, torí oòrùn Ìkòròdú ò mọ̀ pé iṣẹ́ lẹ̀ ń ṣe.

Kẹ́ ẹ tó rẹ́kọ́ọ̀dù, ẹ wo ojú kọ̀ǹpútà: ìgbì kékeré gbọ́dọ̀ máa lọ sókè sódò bí ọkàn ṣe ń lù, bí ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá. Tẹ́ ò bá rí i, sẹ́ńsọ̀ ò jókòó nìyẹn, ẹ padà sídìí irun.

Ẹ wá ní kí ẹni tẹ́ ẹ̀ ń yẹ̀ wò máa yọ 7 kúrò nínú 100 léraléra nínú ọkàn ẹ̀, kó má sọ̀rọ̀ síta, ẹnu tó ń mì máa ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Kì í ṣe lójú ẹsẹ̀ ni iṣẹ́ tí ọpọlọ ń ṣe máa hàn, ó máa tó ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 6 kí ìlà pupa (ẹ̀jẹ̀ tó ní ọ́síjìn) tó ga, kí ìlà búlúù (èyí tí ò ní) sì wálẹ̀ díẹ̀. Tí méjèèjì bá jọ gòkè, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ awọ orí lẹ̀ ń wò yẹn.