Bí Ìtọ̀ Bá Ń Gbọ̀n Yín Lábẹ́ Omi: Bí A Ṣe Ń Ṣe É

Bí ọyẹ́ bá mú ní Àbújá, omi púùlù láàárọ̀ kùtù máa ń tutù débi pé eyín á máa gbá ara wọn. Inú irú omi bẹ́ẹ̀, ní Maitama, ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé sìlíńdà afẹ́fẹ́ sẹ́yìn mòòkùn. Mi ò ní í tíì lo ogún ìṣẹ́jú nísàlẹ̀ tí ìtọ̀ á ti máa gbọ̀n mí, bẹ́ẹ̀ mo ti tọ̀ kí n tó wọnú omi. Mo rò pé àìsàn ni. Ojú tì mí láti bi ọ̀gá tó ń kọ́ wa, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi náà ò sì bi wọ́n. Ìtìjú yìí lè ṣeni léṣe, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká sọ ọ́ síta.

Kì í ṣe àìsàn. Béèyàn bá ti wọnú omi, omi á fún un lápá lẹ́sẹ̀, òtútù á sì mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà lábẹ́ awọ sún kì. Ẹ̀jẹ̀ á rọ́ lọ sí àyà. Ọkàn á wá kà á sí pé omi ara ti pọ̀ jù, kíndìnrín á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà á nù. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ pàápàá ń ṣe é. Omi Wikki ní Yankari kì í kúrò ní nǹkan bíi 31°C látọdún dọ́dún, àmọ́ ara wa wà ní 37, omi sì ń fa ooru lára èèyàn ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ju afẹ́fẹ́ lọ.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa ṣe ni pé kí ẹ mu omi. Mo mọ̀ pé ó jọ pé mo ń sọ òdìkejì. Àǹtí kan tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ kì í fi omi kan ẹnu láti òru. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mu píọ̀ wọ́tà kan." Wọ́n ní, "Àbúrò, mi ò fẹ́ máa sáré lọ sáré bọ̀." Ohun témi náà ṣe nìyẹn lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ Òkun Pupa ní Íjíbítì. Nígbà tí mo fi máa dé mítà 14, orí ń fọ́ mi, iṣan ẹsẹ̀ mi sì sún kì, mi ò lè fi í tu omi mọ́. Ẹni tí a jọ mòòkùn ló dì mí mú títí a fi gòkè. Àwọn dókítà tó ń tọ́jú àwọn amòòkùn sì ka ara tó gbẹ mọ́ ohun tó lè jẹ́ kí nitrogen, ìyẹn afẹ́fẹ́ tó ń wọnú ẹ̀jẹ̀ bí a bá ń mí nísàlẹ̀ omi, tètè hó nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá ń gòkè. Omi la bù wẹ̀, omi la bù mu: ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀ láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí ètè ń là. Bí ìtọ̀ yín bá pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ó dáa. Bó bá ṣú bíi tíì tí kò ní mílíìkì, ẹ ò tíì mu tó.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ tọ̀ kí ẹ tó kó sínú aṣọ rọ́bà tí a fi ń mòòkùn, torí bíbọ́ rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ kékeré.

Ìgbà yìí ló kàn kí ẹ mọ irú omi tí ẹ wà nínú rẹ̀. Bó bá ṣe púùlù ni, ẹ jáde. Chlorine tí wọ́n fi ń pa kòkòrò máa ń bá ìtọ̀ àti òógùn dàpọ̀, á di afẹ́fẹ́ tó ń ta ojú, tó ń mú ni wúkọ́. Òórùn líle tí gbogbo wa ń pè ní òórùn chlorine, òun gan-an nìyẹn.

Adágún àti dáàmù ló ká mi lára jù. Ì báà jẹ́ Jabi, ì báà jẹ́ Shiroro tàbí Kainji, ẹ má tọ̀ síbẹ̀ láéláé. Omi ẹ̀rọ tí Àbújá ń mu, láti dáàmù Usuma ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Àrùn kan tún wà tí àwọn Hausa ń pè ní tsargiya, tí àwa ń pè ní àtọ̀sí ajá, tó fi ń jẹ́ kí ọmọdé máa tọ ẹ̀jẹ̀. Inú ìtọ̀ ẹni tó ní in ni ẹyin kòkòrò rẹ̀ ti ń jáde. Tó bá bọ́ sínú omi tí kò níyọ̀, á pa, á wọnú ìgbín kéékèèké tó ń gbé létí omi, á pọ̀ sí i níbẹ̀, á wá jáde lọ máa wá awọ ara èèyàn tó máa gbà wọlé. Èèyàn lè ní in láìmọ̀. Ìtọ̀ ẹnì kan lè wá kó bá ọmọ apẹja tó ń wẹ̀ létí omi kan náà. Bí ẹ bá ti wọ irú omi bẹ́ẹ̀, tí ẹ wá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ yín, kódà lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ lọ sọ fún dókítà pé ẹ wọ omi. Praziquantel ni oògùn rẹ̀.

Òkun ni ẹ ti lè tọ̀. Irú ìgbín yẹn kì í gbé inú omi iyọ̀, ìtọ̀ tí ẹ bá sì tọ̀ kò tó nǹkan lójú òkun. Ẹ má dúró dìgbà tí ó bá fẹ́ pa yín, torí ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n kì í wo gééjì afẹ́fẹ́ rẹ̀ dáadáa, á sì fẹ́ sáré gòkè. Ẹ ṣe é nígbà tí ara yín bá lé tẹ́ńtẹ́ lójú kan, kì í ṣe nígbà tí ẹ bá ń gòkè. Ẹ máa mí lọ láìdánu dúró, ẹ dẹ inú, ẹ dẹ itan. Ó lè kọ́kọ́ má jáde, torí àti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé a kì í tọ̀ sára. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú kan. Bẹ́ ẹ bá ti ṣe tán, ẹ fa ọrùn aṣọ náà síta díẹ̀ kí omi òkun lè wọlé ṣàn án.

Bí ẹ bá délé, ẹ yí aṣọ náà padà síta, ẹ fi omi tútù àti ọṣẹ ìfọrí ọmọdé fọ̀ ọ́, kí ẹ sá a síbi tí òòrùn kì í pa. Bó bá jẹ́ pé ẹ háyà rẹ̀ ni, ẹ ṣàn án kí ẹ tó dá a padà.

Èyí kò kan aṣọ tí omi kì í wọ̀ rárá, irú èyí tí àwọn ọmọ wa tó lọ kàwé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń wọ̀ nínú omi tútù. Ìtọ̀ tí ẹ bá tọ̀ síbẹ̀, inú ẹ̀ ló máa wà, á sì mú yín gbọ̀n. Ìlédìí àgbà ló rọrùn jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ti mọ̀ ọ́n máa ń so ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé ìtọ̀ síta. Ẹ fọ ọ̀pá náà lójoojúmọ́ tí ẹ bá lò ó, kí kòkòrò má baà gba ibẹ̀ wọ àpò ìtọ̀.

Nǹkan kan ṣì wà. Bí ẹ bá ti jáde nínú omi, tí ẹ fẹ́ tọ̀ tí ìtọ̀ kọ̀ tí kò jáde, pàápàá bí ẹsẹ̀ bá ń kú tàbí tó ń ṣe bíi pé abẹ́rẹ́ ń gún un, ẹ má sùn lé e. Ó lè jẹ́ pé nitrogen tó hó ti pa ọ̀pá ẹ̀yìn lára. Ẹ dùbúlẹ̀, kí wọ́n fún yín ní ọ́síjìn lójú ẹsẹ̀, kí ẹnì kan sì máa wá ilé ìwòsàn tó ní yàrá ìfúnpá afẹ́fẹ́.