Bí A Ṣe Ń Dí Ihò Sẹ́ńsọ̀ Tí A Kò Lò Lára Tọ́ọ̀pù Sílíńdà

Àwọn ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ tí à ń gbé sínú ọkọ̀ ní Ìṣokùn níbí, nílùú Iléṣà, sábà máa ń ní ihò sẹ́ńsọ̀ kan (ohun tó ń wọn bí omi ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó) tí wáyà ọkọ̀ kò dé ibẹ̀. Mo bẹ yín, ẹ má fi gọ́ọ̀mù dí i, ẹ má sì kan igi bọ̀ ọ́. Omi ẹ́ńjìnnì a máa lágbára tó bá gbóná. Yóò ta á dànù lójú ọ̀nà Àkúrẹ́, tọ́ọ̀pù á sì tẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá kí ẹ tó ṣí ìdérí rédíétọ̀. Ẹ fa omi sílẹ̀ títí yóò fi wálẹ̀ ju ihò náà lọ.

Ìdí tírẹ́ẹ̀dì, ìyẹn eyín tó yí ara sẹ́ńsọ̀ ká, gan-an niṣẹ́ wà. Ẹ wo sẹ́ńsọ̀ tí ẹ tú: ṣé bákan náà ló tóbi látòkè délẹ̀, àbí ó ń tín-ín-rín lọ sẹ́nu? Èyí tó bá dọ́gba, bíi M12 × 1.5 (ó fẹ̀ ní mílímítà 12, eyín kan sí èkejì jẹ́ mílímítà 1.5), wọ́ṣà ló ń dí omi níbẹ̀. Ẹ wá bóòtù tí kò gùn ju sẹ́ńsọ̀ lọ, kí ẹ fi wọ́ṣà bàbà tuntun sí i. Èyí tó ń tín-ín-rín, tírẹ́ẹ̀dì fúnra rẹ̀ ló ń dí omi, òun ló sì ń tan àwọn ọmọṣẹ́ mi jù. Ti ọkọ̀ Japan tó jẹ́ 1/8 íǹṣì (orúkọ ìwọ̀n páìpù ni) ní eyín 28 nínú íǹṣì kan, ti Amẹ́ríkà ní 27. Ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọ̀kan á wọ ihò èkejì díẹ̀, á wá há. Ẹni tó bá fi sípánà fipá mú un ti ba tírẹ́ẹ̀dì tọ́ọ̀pù alumíníọ́ọ̀mù jẹ́ nìyẹn. Ẹ fi géèjì tírẹ́ẹ̀dì (irin pẹlẹbẹ eléyín tí a fi ń wọn eyín) wọ̀n ọ́n; bí kò bá sí, ẹ gbé sẹ́ńsọ̀ náà lọ bá tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin, kó fi idẹ gé bóòtù tó bá a mu.

Ẹ nu ihò náà mọ́, kí ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ ká bóòtù wọlé. Tó bá jẹ́ onítín-ín-rín, ẹ we tépù àwọn pọ́ńbà mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, sí apá ibi tí bóòtù ń yí sí. Ẹ fi eyín àkọ́kọ́ sílẹ̀ láìwé, kí èérún tépù má bàa já sọ́nà omi. (Ẹ má we irú tépù yìí mọ́ sẹ́ńsọ̀ oníwáyà kan o, ara tọ́ọ̀pù ló ti ń rí ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà padà, tépù sì lè dí i.) Níbi tí ọwọ́ bá kọ̀, sípánà kúkúrú, ìyípo kan sí kan àti ààbọ̀ ti tó. Oníwọ́ṣà kò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀: tí wọ́ṣà bá ti fún, ẹ dúró.

Ẹ bu omi sí i, kí ẹ tan ẹ́ńjìnnì láìdé rédíétọ̀ títí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò fi tán. Ẹ dé e, ẹ wà á gba ọ̀nà Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà lọ bọ̀, kí ẹ fi tíṣù gbígbẹ nu ìdí bóòtù. Bó bá ń sun omi, ẹ má fún un sí i nígbà tó gbóná. Ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ tú u, kí ẹ pààrọ̀ wọ́ṣà tàbí tépù rẹ̀.