Bí Mo Ṣe Gba Iṣẹ́ Dispatcher Bàálù Láti Iléṣà

Kí bàálù tó gbéra, ẹnìkan wà lórí ilẹ̀ tó ti wo ojú ọjọ́ ibi tó ń lọ, tó ti yan ojú ọ̀nà tó máa gbà lófurufú, tó ti ṣírò epo àti ẹrù rẹ̀, tó sì ti bọwọ́ lùwé pé ó lè máa lọ. Ẹni náà ni wọ́n ń pè ní dispatcher. Ọ̀gá awakọ̀ náà á wo ìwé yẹn, á bọwọ́ lù ú. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, bí ọ̀kan nínú àwa méjèèjì bá kọ̀, bàálù ò ní kúrò nílẹ̀.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ là á yé yín, torí ní Iléṣà níbí, bí mo bá ti ní iléeṣẹ́ bàálù ni mo wà, ohun méjì ni wọ́n máa ń bi mí: ṣé èmi ni mò ń wà á, àbí èmi ni mò ń gbé oúnjẹ fún èrò? Màámi ò tiẹ̀ bi mí mọ́. Wọ́n ti sọ fún gbogbo ẹlẹgbẹ́ wọn lọ́jà Àtàkúnmọ̀sà pé ọmọ àwọn ni wọ́n ń gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí bàálù tó fò. N ò bá wọn jiyàn.

Físíìsì ni mo kà ní OAU, Ifẹ̀, mo sì ń kọ́ ọmọ níléèwé girama aládàáni kan ní Iléṣà nígbà tí mo rí ìkéde pé iléeṣẹ́ bàálù kan ń wá àwọn tí wọ́n máa kọ́ níṣẹ́ dispatcher. N ò mọ ẹnikẹ́ni nídìí iṣẹ́ yẹn, n ò sì tíì wọ bàálù rí. Ohun tí wọ́n béèrè ò pọ̀: ìwé ẹ̀rí yunifásítì, kí èèyàn ti pé ọmọ ọdún 21, kó sì lè ṣiṣẹ́ òru. Kì í ṣe iléeṣẹ́ náà ló dá ọdún 21 yẹn sílẹ̀. ICAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú, ló fi lélẹ̀ fún láísẹ́ǹsì yìí. Ẹni tó bá ń ka nǹkan àwọn ará Amẹ́ríkà á rí 23 níbẹ̀, torí ọdún 23 ni tiwọn kí wọ́n tó fún èèyàn ní ìwé ẹ̀rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè ti ṣèdánwò ní 21. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn kó yín lọ́kàn sókè. Ohun mìíràn tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ ni pé ICAO ò béèrè lọ́wọ́ dispatcher irú ìwé àyẹ̀wò ìlera tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ àti àwọn tó ń darí bàálù láti orí ilẹ̀. Awò ojú ni mò ń lò, ó sì nípọn.

Nínú lẹ́tà tí mo kọ, n ò sọ pé àtikékeré ni mo ti fẹ́ràn bàálù. Gbogbo èèyàn ló ń kọ ìyẹn. Ohun tí mo kọ ni pé èmi ni mò ń ṣètò tímùtébù iléèwé wa: tísà kan ò ní wá, òmíràn á lọ ìsìnkú, òjò á ká ẹlòmíràn mọ́ Òṣogbo, síbẹ̀ kíláàsì kankan ò gbọdọ̀ ṣófo, bí ọ̀gá bá sì béèrè ìdí tí mo fi gbé ẹni yìí síbí, mo gbọ́dọ̀ ní èsì. Wọ́n pè mí wá ṣèdánwò ní Ìkẹjà. Ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì àti ìmọ̀ àwòrán ilẹ̀ ni. Ẹni tó bá ṣe dáadáa níléèwé girama ò ní kú síbẹ̀.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ló lágbára. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n jókòó. Ọ̀kan nínú wọn, bàbá kan tó ti ṣiṣẹ́ náà pẹ́, kò bi mí léèrè ara mi rárá. Ó ní, "Oṣù kẹrin la wà, aago mẹ́ta ọ̀sán ti lù. Bàálù wa fẹ́ kúrò l'Ábùjá wá s'Ékòó. Èkó mọ́ rekete. Kí lo máa wò?"

Mo ní màá wo Àkúrẹ́, màá wo Benin, màá wo Ìlọrin. Ó ní kí ló dé. Mo ní ìjì òjò tó ń jà lásìkò yẹn, láti ìlà-oòrùn ló ti ń wá, ìwọ̀-oòrùn ló ń forí lé. Ará Iléṣà tó bá sá àgbàdo síta mọ̀ pé bí apá Èkìtì bá ti ṣú dùdù, kó yáa máa kó o wọlé, torí kò ní pẹ́ dé, àwọn ará Ifẹ̀ náà á sì rí tiwọn tó bá kọjá lọ́dọ̀ wa. Èkó tó mọ́ rekete laago mẹ́ta lè máa gba àrá tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́.

Ìyá tó jókòó láàárín wá ní, "Ó dáa, òjò ń bọ̀. Ṣé kó máa lọ ni àbí kó dúró?" Mo ní bí mo bá rí ibòmíràn tí bàálù náà lè yà sí, tí òjò ti kọjá níbẹ̀ tàbí tí kò ní débẹ̀, tí ẹrù rẹ̀ sì gbà kí n bu epo sí i tó lè fi yípo lókè fún ìgbà díẹ̀, kó máa lọ. Bí n ò bá rí, kó dúró. Wọ́n ní tó bá jẹ́ pé ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ wà nínú ẹ̀ ń kọ́? Ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu mi kí n tó ronú: "Ẹ̀yin àgbà lẹ sọ ọ́, mà, òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ní tèmi, ìbéèrè yẹn gan-an ni wọ́n torí rẹ̀ pe èèyàn wá. Wọ́n lè kọ́ni ní ìṣirò. Ẹni tó máa gbójú sókè sọ pé "kò lè lọ", kó sì sọ ìdí rẹ̀ láìpariwo, ló ṣòroó rí.

Iléeṣẹ́ náà ló san owó ẹ̀kọ́ mi, èmi náà sì bọwọ́ lùwé pé n ó sìn wọ́n fún sáà kan. Ilé-ẹ̀kọ́ kan tí NCAA fọwọ́ sí ní Ìkẹjà la ti kọ́ ọ. NCAA ni àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà, òun náà ló sì ń fúnni ní láísẹ́ǹsì. Òfin òfurufú wà níbẹ̀, bí bàálù ṣe ń fò, bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́, ìwọ̀n ẹrù àti bí wọ́n ṣe ń pín in, bí a ṣe ń wá ọ̀nà lójú òfurufú, ọ̀rọ̀ sísọ lórí rédíò, títí dé bí àárẹ̀ àti ìbẹ̀rù ṣe ń da ọpọlọ èèyàn rú. Òfin sú mi, kí n má parọ́. Lópin ọ̀sẹ̀ tí a bá ráyè, mo máa ń wálé wá kàwé, ṣùgbọ́n bí iná bá lọ ní Iléṣà, mo máa ń wọ mọ́tò lọ sọ́dọ̀ àbúrò màámi ní Parakin, n'Ífẹ̀, tí wọ́n ní inverter.

Ẹ̀kọ́ ojú ọjọ́ ló gba gbogbo ọkàn mi. Gbogbo aago tí à ń lò níbẹ̀, ti UTC ni, tí tiwa fi wákàtí kan ṣíwájú rẹ̀. Aago méje tiwọn ni aago mẹ́jọ àárọ̀ wa. Ìròyìn ojú ọjọ́ ibi tí bàálù ń bà sí, METAR ni wọ́n ń pè é, ẹyọ ìlà kan ni. Èyí tí olùkọ́ wa kọ sójú pátákó fún ìdánrawò rí báyìí:

DNKN 120700Z 05012KT 1000 HZ NSC 19/M02 Q1014

DNKN ni Kánò; DN ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ gbogbo pápákọ̀ òfurufú Nàìjíríà nínú ètò yìí, Èkó jẹ́ DNMM, Àbùjá jẹ́ DNAA, Àkúrẹ́ jẹ́ DNAK. Ọjọ́ 12 oṣù, aago méje UTC. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti apá àríwá-ìlà-oòrùn ní ìwọ̀n knot 12. Ojú ò ríran kọjá mítà 1,000. HZ ń sọ pé kì í ṣe ọ̀rínrìn ló jẹ́ kí ojú ọ̀run ṣú, nǹkan gbígbẹ ló bò ó. NSC ní kò sí àwọsánmà kan tó yẹ ká bẹ̀rù. Lẹ́yìn náà ló kan 19/M02, ibi tí olùkọ́ wa ti dúró tó sì fi chalk gbá pátákó. Oru ojú ọjọ́ jẹ́ 19. M02 ń sọ pé afẹ́fẹ́ náà gbẹ débi pé ó gbọ́dọ̀ tutù dé ìwọ̀n méjì sísàlẹ̀ òdo kí ìrì tó lè sẹ̀. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá sún mọ́ra, bíi 22/22, ìkùukùu ni, irú èyí tó máa ń bo ẹsẹ̀ òkè Iléṣà láàárọ̀, oòrùn á sì ká a kúrò. Bí wọ́n bá jìnnà síra báyìí, eruku ọyẹ́ ni, oòrùn ò lè ká eruku. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún èrò pé kí wọ́n dúró di aago mẹ́wàá, ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tí wọ́n ń dúró dè.

Láti orí pátákó yẹn la ti bọ́ sórí epo. Wọ́n fún wa ní òǹkà ìdánrawò, kì í ṣe ti bàálù kan pàtó: láti Èkó dé Kánò, epo ìrìn-àjò jẹ́ kílò 4,000. Èyí tó máa fi rìn nílẹ̀ kó tó gbéra, 200. Òfin ní ká fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún epo ìrìn-àjò lé e nítorí ohun tí a ò rí tẹ́lẹ̀, ìyẹn 200 mìíràn. Ó tún gbọ́dọ̀ ní epo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣètò láti fọwọ́ kàn, èyí tó lè fi yípo ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 1,500 lókè pápá. Nínú òǹkà wa, 1,150 ni. Ó wá ku epo ibi tó máa yà sí bí Kánò ò bá gbà á.

Ọ̀kan nínú wa sáré mú Kàdúná, torí ó sún mọ́ ọn, epo rẹ̀ ò sì ju 1,300 lọ. Àpapọ̀ wá jẹ́ 6,850. Olùkọ́ ò sọ pé kò dáa. Ó kàn béèrè pé eruku wo ló máa bo Kánò tí kò ní rántí Kàdúná. Kíláàsì dákẹ́. A ka ìròyìn Kàdúná, ojú ò ríran níbẹ̀ náà. A lọ sí Àbùjá, ó dára níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n epo ibẹ̀ jẹ́ 2,000, àpapọ̀ sì di 7,550. Kílò 700 ló fi ju ti àkọ́kọ́. Bí bàálù bá ti kún dé ìwọ̀n tí òfin gbà, kílò 700 yẹn jẹ́ nǹkan bí èrò méje pẹ̀lú ẹrù wọn tó máa sọ̀ kalẹ̀, epo tó ń gbé lọ náà sì ń jẹ epo. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọyẹ́ kì í dí ojú nìkan, ó ń dín èrò kù. Àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ò fẹ́ gbọ́ èyí rí. Bí ẹ ò bá lè ṣàlàyé 700 yẹn fún wọn ní gbólóhùn méjì, wọ́n á pè yín títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ẹ̀kọ́ inú kíláàsì nìkan ò tó. ICAO ní kí ẹni tó fẹ́ gba láísẹ́ǹsì ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ dispatcher mìíràn fún ó kéré tán 90 ọjọ́ iṣẹ́, láàárín oṣù mẹ́fà tó ṣáájú ìgbà tó béèrè fún un. Èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin kan tí mò ń pè ní Àǹtí, tí kì í pariwo, tí kì í sì í gbàgbé. Àwọn ìkìlọ̀ tí NAMA, àjọ ìjọba tó ń darí bàálù lójú òfurufú Nàìjíríà, ń gbé jáde nípa pápákọ̀ àti òfurufú ló máa ń kọ́kọ́ kà bó bá dé: iná ojú ọ̀nà tó ti kú, ibi tí wọ́n tì pa, ẹ̀rọ atọ́nà tí kò ṣiṣẹ́. Ó ní ojú ọjọ́ lè yí padà kí bàálù tó débẹ̀, iná tó ti kú ò ní jí fúnra rẹ̀. Bí ọ̀gá awakọ̀ kan bá pè pé òun fẹ́ kílò 500 sí i, Àǹtí ò ní bá a jiyàn. Á béèrè ìdí, á kọ ọ́ sílẹ̀, á tún ìwé ṣe. Ṣùgbọ́n bí awakọ̀ bá fẹ́ kí ó dín èyí tí òfin pa láṣẹ kù, ohùn rẹ̀ ò ní yí padà: "Rárá, sà." Kò ní fi nǹkan kan kún un.

Wọ́n tún gbé mi jókòó sínú yàrá àwọn awakọ̀ nínú bàálù kan, torí òfin fẹ́ kí dispatcher máa rí ojú ọ̀nà tó ń kọ sílẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wọ bàálù láyé mi nìyẹn, iwájú pátápátá ni mo sì jókòó sí. Nígbà tí mo délé, màámi bi mí bóyá mo rí Iléṣà láti òkè. N ò rí i. Ìkùukùu bò ó, bí ìwé tí èmi fúnra mi bá wọn ṣe ti sọ.

Mo yege nínú ìdánwò NCAA, láísẹ́ǹsì sì dé. Bí ọmọ ẹnikẹ́ni nílé wa bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, owó ilé-ẹ̀kọ́ ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Ẹ má san kọ́bọ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ kankan kí ẹ tó bi NCAA léèrè bóyá wọ́n fọwọ́ sí i fún ẹ̀kọ́ yìí gan-an, torí wọ́n lè fọwọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ kan fún iṣẹ́ mìíràn kó má kan dispatcher. METAR ò gba owó. Ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ọmọ náà máa ka ti Èkó àti Kánò láràárọ̀, kó máa kọ ohun tó rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án sílẹ̀, kó wá yẹ̀ ẹ́ wò lálẹ́. Bó bá sú u láàárín oṣù kan, iṣẹ́ mìíràn ni kó wá.