Àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú yíyan gàárì ẹṣin

Ìdí ara wọn ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wọn gàárì. Wọ́n á jókòó lé e lórí ní ṣọ́ọ̀bù, á rọ̀ wọ́n lọ́rùn, awọ rẹ̀ á máa dán, ni wọ́n bá sanwó. Ẹṣin tó máa rù ú kò tíì fojú kàn án. Àṣìṣe yìí ló ń bí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn yòókù. Ẹ̀yìn ẹṣin ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n.

Èyí tí wọ́n tún máa ń ṣe ni pé wọ́n á ti gàárì síwájú jù. Bí ẹṣin bá na ẹsẹ̀ iwájú, orí egungun èjìká rẹ̀ máa ń sún sẹ́yìn lábẹ́ awọ. Gàárì tó bá jókòó lé egungun yẹn á máa gún un ní gbogbo ìṣísẹ̀. Ẹ yọ gbogbo aṣọ abẹ́ gàárì kúrò, ẹ gbé e lé ìdí ọrùn, kí ẹ wá rọra fà á sẹ́yìn títí yóò fi dúró fúnra rẹ̀. Àyè rẹ̀ nìyẹn. Ní ẹ̀yìn, ẹ fọwọ́ tọ egungun ìhà tó kẹ́yìn, èyí tó sábà máa ń jẹ́ ìkejìdínlógún, lọ sókè dé ogóóró ẹ̀yìn. Kò yẹ kí gàárì kọjá ibẹ̀.

Lórí fífẹ̀ ni owó púpọ̀ ti ń ṣòfò. Bí igi inú gàárì bá fún jù, á fún èjìká ẹṣin pọ̀ lọ́tùn-ún lósì. Bí ó bá fẹ̀ jù, iwájú rẹ̀ á rì, á sì wà lórí egungun òkè èjìká. Àwọn kan á ní kò burú, aṣọ tó nípọn á dí i. Aṣọ lè ran èyí tó fẹ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí bàtà fún tó tún wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì, ìyà ló fi kún ìyà. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó máa gùn ún jókòó lórí rẹ̀ kí ẹ tó wo àlàfo tó wà lókè èjìká: ìka méjì sí mẹ́ta. Láìsí ẹni lórí rẹ̀, gàárì burúkú pàápàá lè dà bí èyí tó dáa. Kí ẹ tún wo abẹ́ rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ó yẹ kí ẹ rí ìmọ́lẹ̀ já sí iwájú, kí ohunkóhun má fara kan ogóóró ẹ̀yìn.

Lẹ́yìn náà, ẹ ti àtẹ́lẹwọ́ bọ abẹ́ gàárì, kí ẹ sún un láti iwájú lọ sẹ́yìn. Bí ó bá há mọ́ ọwọ́ níwájú, tó ṣófo láàárín, tó tún wá há lẹ́yìn, gbogbo ìwúwo yín wà lórí igun mẹ́rin péré. Òógùn náà máa ń sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá tú gàárì lẹ́yìn iṣẹ́, tí ẹ rí ibi kékeré tó gbẹ táútáú láàárín irun tó tutù, ẹ fura: ó lè jẹ́ pé gàárì tẹ ibẹ̀ jù, ó sì lè jẹ́ pé kò kàn án rárá. Irun funfun tó hù níbi tí gàárì ń jókòó sí, àmì ìpalára tó ti pẹ́ ni.

Ó máa ń dùn mí bí wọ́n bá ń pe irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ ní alágídí. Ó ká etí sẹ́yìn, ó fẹ́ gé èèyàn jẹ bí wọ́n ṣe ń fa ọ̀já gàárì mọ́ ọn níkùn, wọ́n sì gbé pàṣán. Ẹ yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò ná.

Ní ti ẹni tó ń gùn ún, kí ìjókòó má kéré débi pé ìdí á máa gun etí ẹ̀yìn gàárì, torí ẹ̀yìn ẹṣin ni ìwúwo náà máa bọ́ sí. Àlàfo tó tó ìbú ọwọ́ kan lẹ́yìn ìdí ti tó. Gígùn itan náà ṣe pàtàkì, kì í ṣe ìdí nìkan.

Ẹ má sì rò pé ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò tán láéláé. Ẹṣin ń sanra, ó ń rù, iṣan rẹ̀ ń yí padà, irun àgùntàn tí wọ́n kì sí abẹ́ gàárì náà sì ń fún pọ̀. Ẹ máa tún un wò, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀méjì lọ́dún.

Bí ó bá jẹ́ àlòkù lẹ fẹ́ rà, ẹ gbé ẹ̀yìn rẹ̀ ti ikùn yín, kí ẹ di iwájú mú, kí ẹ fà á sọ́dọ̀ ara yín. Bí ó bá ń dún, tàbí tí àárín rẹ̀ tẹ̀ wọnú gan-an, ó ṣeé ṣe kí igi inú rẹ̀ ti ṣẹ́. Ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀.