Kí ẹ tó da iyọ̀ sínú táńkì ẹja yín

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ sọ táńkì ẹja omi odò ńlá di ti omi òkun, kí ẹ lè máa sin kórà (ẹranko kékeré inú òkun tó ń kọ́ egungun líle bí òkúta), ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ rántí bóyá ẹ ti fi oògùn tó ní kọ́pà (bàbà) tọ́jú ẹja nínú rẹ̀ rí. Kọ́pà máa ń wọ inú òkúta àti yanrìn, kì í sì í tètè kúrò. Ọ̀pọ̀ ẹja lè fara dà á díẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń pa kórà, edé àti ìgbín. Ẹ kó òkúta àti yanrìn àtijọ́ kúrò pátápátá, ẹ fọ gíláàsì náà, kí ẹ sì yẹ omi wò bóyá kọ́pà ṣì wà níbẹ̀.

Iyọ̀ ọbẹ̀ kọ́ la ń lò o! Iyọ̀ tí wọ́n pò fún kórà ni, torí ó ní kálísíọ́mù tó fi ń kọ́ egungun rẹ̀. Ìwọ̀n tó dára jẹ́ bíi gíráàmù 35 nínú kílò omi kan.

Omi máa ń gbẹ, iyọ̀ kì í bá a lọ. Nítorí náà, bí omi bá lọ sílẹ̀, omi tí a sẹ́ tí kò ní iyọ̀ ni kí ẹ fi dí i.

Ẹ má kánjú ra ẹja. Ó sábà máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí bakitéríà tó ń pa amóníà, ìyẹn oró tó ń wá láti inú ìdọ̀tí ẹja, tó pọ̀ tó. Ẹ dúró dìgbà tí amóníà bá di òdo.