Bẹ́ Ẹ Ṣe Máa Ka Ìwé Harry Bosch Tí Ò Fi Ní Dàrú Mọ́ Yín Lójú

Ìbéèrè táwọn èèyàn máa ń bi mí jù nìyí: ìwé Harry Bosch ti pọ̀ jù, ibo lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, àbí kéèyàn ṣáà mú èyí tọ́wọ́ bá tẹ̀? Rárá o. Láti 1992 ni Michael Connelly ti ń kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yìí, wọ́n ti lé ní 20, Los Angeles ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Òótọ́ ni pé ìwé kọ̀ọ̀kan ló ní òkú tiẹ̀, tẹ́ ẹ bá kà á tán ẹ ó mọ ẹni tó ṣiṣẹ́ ibi náà, ìyẹn làwọn kan ṣe máa ń sọ pé ibi tó bá wuni lèèyàn lè ti bẹ̀rẹ̀. Èmi ò gbà. Ọ̀rọ̀ òkú ló ń parí nínú ìwé kan, ọ̀rọ̀ Bosch fúnra ẹ̀ kì í parí, nǹkan tó ṣe lónìí á wá bá a lẹ́yìn ọ̀la, ẹni tó bá sì ti fo ìwé kò ní mọ ohun tí wọ́n ń bá ọkùnrin náà jà sí.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ wíìgì. Nínú ìwé àkọ́kọ́, The Black Echo, wọ́n kàn sọ ọ́ fẹ̀rẹ̀ pé ẹ̀ka Robbery-Homicide, tó ń wádìí ìdigunjalè àti ìpànìyàn, tó lórúkọ jù ní LAPD, ìyẹn iléeṣẹ́ ọlọ́pàá Los Angeles, ni Bosch wà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó lé e lọ sí téṣàn Hollywood. Kí ló ṣe? Ó já wọlé bá ọkùnrin kan tí Bosch gbà pé ó ń pa àwọn obìnrin kiri, ó ní kò gbọ́dọ̀ mira, ọkùnrin yẹn na ọwọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, Bosch yìnbọn fún un, ó kú, ìgbà tí wọ́n wá ṣí ìrọ̀rí, wíìgì ni wọ́n bá níbẹ̀. Apárí ni, wíìgì ẹ̀ ló fẹ́ mú. Tẹ́ ẹ bá ń sáré kàwé ẹ ó kọjá níbẹ̀ bíi pé kò sí nǹkan kan. Ó wá di ìwé kẹta, The Concrete Blonde, 1994, ìyàwó olóògbé ti gbé Bosch lọ sí kóòtù, ẹjọ́ ń lọ lọ́wọ́ ni wọ́n tún hú òkú obìnrin kan jáde tó jọ iṣẹ́ apààyàn tí gbogbo ayé gbà pé Bosch ti pa! Ẹni tó bá ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ á gbádùn ẹ̀, mi ò jiyàn, àmọ́ ẹni tó ti mọ̀ nípa wíìgì yẹn láti ìwé àkọ́kọ́, àyà ẹ̀ á máa já ni.

Òmíràn tún wà nínú The Black Ice, 1993. Ojú ìwé mélòó kan péré ni Connelly fi sọ bí Bosch ṣe lọ wo bàbá tí kò mọ̀ rí, lọ́yà ńlá kan tí ikú ti ń pọ́jú sí, àti bó ṣe dúró lókèèrè níbi ìsìnkú tó ń wo ọmọ ìyá mìíràn tí bàbá náà bí. Ó dákẹ́ síbẹ̀. 2005 ni ọmọ yẹn tó ní ìwé tiẹ̀, Mickey Haller, lọ́yà inú The Lincoln Lawyer. Ẹ fojú inú wo ẹni tó ti ń dúró dè é láti ọjọ́ náà.

Torí náà ẹ ka mẹ́rin àkọ́kọ́ bí wọ́n ṣe jáde: The Black Echo, The Black Ice, The Concrete Blonde, The Last Coyote. Tó bá jẹ́ mẹ́rin péré lẹ fẹ́ kà láyé yín, àwọn náà ni. Ìkẹrin, 1995, ló dùn jù lójú tèmi: Bosch ti ti ọ̀gá ẹ̀ lu gíláàsì, wọ́n ti dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ní kó lọ máa bá dókítà ọpọlọ sọ̀rọ̀, ìmìtìtì ilẹ̀ 1994 sì ti ba ilé ẹ̀ jẹ́. Nígbà tí ọwọ́ ẹ̀ wá dilẹ̀ ló bá fa fáìlì ikú ìyá ẹ̀ yọ. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà tí wọ́n pa obìnrin yẹn ní 1961, ẹnikẹ́ni ò sì bìkítà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà: wọ́n á rí The Poet, 1996, wọ́n á ní Bosch ò sí níbẹ̀, akọ̀ròyìn kan ló ni ín, wọ́n á fò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fò ó. Ohun tí ò parí nínú ẹ̀ ni Bosch wá dojú kọ nínú The Narrows, 2004, tẹ́ ẹ bá ka The Narrows ṣáájú, ẹ ti ba The Poet jẹ́ fún ara yín nìyẹn, kò sí àtúnṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni Blood Work, 1998, ẹ kà á kó tó kan A Darkness More Than Night.

Tẹ́ ẹ bá ti jókòó tì í, ẹ mú bébà kékeré kan fi sínú ìwé náà kẹ́ ẹ máa kọ orúkọ sí i, torí orúkọ ìdílé ni wọ́n fi ń pe ara wọn, orúkọ ìnagijẹ sì tún wà. Internal Affairs ni ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ọlọ́pàá, DA ni lọ́yà ìjọba, 187 ni apá òfin California tó dá lórí ìpànìyàn, tí wọ́n bá ní 187 òkú ti sùn nìyẹn. Ẹni tó bá ti ka ìtàn Lápàdé tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ nílé ìwé, irú ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ń ṣe bó ṣe wù ú ò ní ṣàjèjì sí i.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni murder book, fáìlì aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń kó gbogbo nǹkan nípa ikú kan sí: fọ́tò, ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí, ẹni tó pe fóònù àti ìgbà tó pè. Bosch bá ti ṣí i báyìí, ẹ rọra o, ibi táwọn òǹkàwé ti ń fò nìyẹn nítorí ó jọ ìwé ọ́fíìsì. Akọ̀ròyìn ìwà ọ̀daràn ni Connelly ní Los Angeles Times tẹ́lẹ̀, ó mọ agbára bébà, ibẹ̀ ló ń fi nǹkan pa mọ́ sí. Nínú Echo Park, 2006, ìlà kan ṣoṣo lórí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló da gbogbo nǹkan rú, mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má tún gbàgbé pé Bosch ń dàgbà. 1950 ni wọ́n bí i, ó ja ogun Vietnam, inú ihò abẹ́ ilẹ̀ gan-an ló ti jà á. Nínú àwọn ìwé ìbẹ̀rẹ̀, bípà, ẹ̀rọ kékeré tó máa ń dún tí wọ́n bá ń wá a, ló wà lára ẹ̀, yóò máa wá fóònù orí títì kiri, yóò sì máa fa sìgá. Tẹ́ ẹ bá dé Lost Light, 2003, tẹ́ ẹ rí i pé òun fúnra ẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, "mo ṣe báyìí, mo lọ sọ́hùn-ún," kì í ṣe pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ ṣì, ìdí ẹ̀ wà níparí City of Bones.

Fíìmù ńkọ́? Titus Welliver, òṣèré tó ṣe Bosch nínú fíìmù àtìgbàdégbà orí tẹlifíṣọ̀n, ṣe é dáadáa, àmọ́ apá kìíní fíìmù náà po ìtàn City of Bones, The Concrete Blonde àti Echo Park pọ̀ mọ́ra wọn, ẹ ó wá fi jókòó kan pàdánù ìwé mẹ́ta. Ẹ kà wọ́n ná.

Tó bá jẹ́ ìwé tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ọdún tẹ́ ẹ máa wò ni ti copyright àkọ́kọ́, kì í ṣe ti ìgbà tí wọ́n tún un tẹ̀, kẹ́ ẹ sì ṣí ẹ̀yìn wò kẹ́ ẹ tó sanwó bóyá ojú ìwé ìparí pé, ẹ wò ó lóòótọ́, àmọ́ ẹ má kà á. Àwọn tó bá wá bá Bosch dọ́jọ́ ogbó ẹ̀, ẹ ó pàdé Renée Ballard, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́. The Late Show, 2017, ni ẹ kọ́kọ́ kà, kẹ́ ẹ tó mú Dark Sacred Night.